Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sinimá fi fíìmù kékeré kọ́ṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ojú ewé òṣèré yín kì í ṣàìní olùkà, ṣùgbọ́n òbí tó lọ́mọ tó ń kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Yábà tàbí Súrùlérè kì í rí nǹkan kan kà níbẹ̀ nípa iṣẹ́ náà gan-an. Ohun tó jẹ́ ká kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fẹ́ fi fíìmù wákàtí kan bẹ̀rẹ̀. Owó á tán lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ò ní parí, wọn ò sì ní mọ ibi tó ti bà jẹ́. Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ọgbọ́n kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, ló yẹ kí wọ́n máa ṣe, kí wọ́n parí rẹ̀, kí wọ́n tún bọ́ sórí òmíràn.

Kí àkọ́kọ́ má tilẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 50 lọ. Ibi tí fíìmù tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe sinimá, ní ilẹ̀ Faransé ní 1895 gùn mọ nìyẹn. Fíìmù kéékèèké ni àwọn ará Èkó náà kọ́kọ́ rí ní Glover Hall ní 1903. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé fóònù sórí ohun tí kì í mì, létí omi Mákòkó tàbí nídìí àtẹ ní Ìdúmọ̀tà, kó má yí i, kó má fà á súnmọ́. Nígbà tí kámẹ́rà ò bá lè rìn ni yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan ibi ìdúró.

Síso àwòrán kan mọ́ òmíràn ló kàn. Lev Kuleshov, olùdarí fíìmù kan ní Rọ́ṣíà, so ojú òṣèré kan mọ́ abọ́ ọbẹ̀, ó tún so ojú yẹn kan náà mọ́ pósí. Ojú ò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wò ó rí ebi níbì kan, wọ́n rí ọ̀fọ̀ níbì kejì. Fóònù kan àti ọ̀sán kan ti tó láti dán an wò.

Èyí tó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa láàmú jù ni ìkíni. Ọmọ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Bí kámẹ́rà bá wà nítòsí ojú ọmọ, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ló máa pòórá, ògiri lásán la ó sì máa wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n ya á: ẹ̀ẹ̀kan láti òkèèrè, tí a ó fi rí bàbá lórí àga àti ọmọ látorí dé ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì, kí kámẹ́rà wà nílẹ̀, kí ojú ọmọ lè wọnú àwòrán bí àyà rẹ̀ ṣe ń kanlẹ̀. Kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ délẹ̀ nínú méjèèjì. Àárín ìdọ̀bálẹ̀, tí ara ṣì ń lọ sílẹ̀, ni kí wọ́n ti gé e bọ́ sórí àwòrán kejì, torí ìrìn ara ni ojú òǹwòran á tẹ̀ lé, kò ní rí ojú àpá. Bó bá ti délẹ̀ tán kí wọ́n tó gé e, á ta síni lójú. Kámẹ́rà ò sì gbọdọ̀ sọdá ìlà tó wà láàárín bàbá àti ọmọ. Bó bá sọdá, àwọn méjèèjì á máa wo apá kan náà, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ògiri funfun tó wà lẹ́yìn òṣèré ló sábà máa ń sọ ojú òṣèré wa di dúdú kirikiri, torí fóònù á dín ìmọ́lẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Kí wọ́n gbé òṣèré sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí wọ́n fi ìka tẹ ojú rẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n má gbé ìka kúrò títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi tì pa síbẹ̀. Òrí díẹ̀ lójú òṣèré ń ràn án lọ́wọ́. Ìlà dúdú tó ń sáré lójú àwòrán, iná mànàmáná ló fà á: ó ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nílẹ̀ wa. Àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú shutter (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó kó tó pa dé fún àwòrán kọ̀ọ̀kan) 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, ló bá a mu. 1/60 ò bá a mu. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sáré déédéé, ìlà náà lè tún yọjú.

Ohùn ló ń ba fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ju àwòrán lọ. Kí wọ́n fi fóònù kejì sápò àyà òṣèré, kó máa gba ohùn. Kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà, kí wọ́n lè fi ìró yẹn so ohùn mọ́ àwòrán. Kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n pa fíríìjì náà, kí wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ ilé sínú rẹ̀ kí wọ́n má bàa gbàgbé láti tàn án padà. Kí gbogbo ènìyàn tún dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n gba ìró yàrá náà sílẹ̀. Òun ni wọ́n á tẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀, kí ohùn má bàa máa já níbi tí wọ́n bá ti gé e.

Lẹ́yìn èyí ló tó kan àṣà sinimá ilẹ̀ òkèèrè. Ìtàn kan náà ni kí wọ́n ṣe lọ́nà méjì: òjìji ńláńlá bíi ti Jámánì láàárín 1920 sí 1930, àti títì gidi pẹ̀lú àwọn tí kì í ṣe òṣèré, bíi ti Ítálì lẹ́yìn ogun.

Bí wọ́n bá ń fi fíìmù han ènìyàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sẹ́yìn, kó má ṣàlàyé ohunkóhun. Ibi tí wọ́n bá ti ń yọ fóònù wò ni kó lọ gé kúrú.

Olóòtú, ìdajì ojú ewé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọgbọ́n kan la ó máa kọ lọ́sẹ̀ kan, a ò ní gba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ohùn la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Àwa olùkọ́ iṣẹ́ sinimá kan,
Ẹ̀bútè-Mẹ́tà, Èkó.