Lẹ́tà sí Bùnmi ní Kolombangara, erékùṣù kan ní Solomon Islands

Ilésà

Bùnmi ọ̀rẹ́ mi,

O kú àfaradà. Ṣé Táyé àti Kẹ́hìndé ń ṣe dáadáa?

Ọ̀rọ̀ omi páìpù yín tó o sọ pé ó ti di ẹlẹ́rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gé gẹdú lórí òkè, ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Katakata tó ń la ọ̀nà ẹrù gẹdú lórí òkè, àti ojú ibi tí wọ́n ń kó gẹdú jọ sí, ló ń ba odò jẹ́ jù. Òkè yín dà gẹ̀ẹ́rẹ́, òjò sì pọ̀: yẹ̀pẹ̀ tí gbòǹgbò ò dì mú mọ́ á bá àgbàrá wọ odò. Abájọ tí òfin Solomon Islands fi ka gígé gẹdú lókè mítà 400 léèwọ̀. Rántí bí Ọ̀ṣun ṣe pọ́n nígbà tí wọ́n ń wa góòlù lọ́dọ̀ wa.

Má kàn da klórínì, apakòkòrò tó wà nínú bílíìṣì, sí i kí o mu ún o! Ẹrẹ̀ á jẹ klórínì náà tán, kòkòrò á sì sá pamọ́ sínú ẹrẹ̀. Lójú òṣùwọ̀n WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ó yẹ kí omi má ju NTU 1 lọ kí a tó fi klórínì sí i; NTU ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe dàrú tó. Nǹkan bí NTU 4 lojú lásán ti ń rí ẹrẹ̀, tiyín ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Jẹ́ kó tòrò di ọjọ́ kejì, rọra da tòkè, fi aṣọ òwú tó mọ́ tó o ṣẹ́ po sẹ́ ẹ, kí o wá sè é. Bó bá hó fún ìṣẹ́jú 1, ó tó. Bí gáàsì bá tán tí o ò lè sè é, fi bílíìṣì aláìlóòórùn, tí klórínì rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, sí omi tó o ti sẹ́: ẹ̀kán 2 sí lítà 1, tàbí 4 bí kò bá tíì mọ́ gaara, kí o dúró fún ìṣẹ́jú 30. Èyí tó bá ń rùn bí dísẹ́ẹ̀lì, dà á nù; sísè ò lè mú epo kúrò.



Omi òjò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbára lé. Lórí òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, mìlímítà 1 òjò á fún yín ní lítà 50. Ẹ da lítà 50 àkọ́kọ́ yẹn nù, òun ló ń fọ ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì de ẹnu táǹkì, nítorí ẹ̀fọn.

Jọ̀ọ́, wọn gígùn àti ìbú òrùlé yín ránṣẹ́, kí o sọ iye èèyàn tó ń mu nínú rẹ̀, kí n bá ọ ṣírò táǹkì tó máa gbé yín dé òjò mìíràn. Kó tó dìgbà náà, má fi omi páìpù po wàrà àwọn ọmọ láìsè é.

Èmi ni,
Fúnkẹ́