Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Ọmọ Mọ Iye Kí Ẹnu Rẹ̀ Tó Kà Á

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìròyìn yín lórí ìṣirò ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lójú tèmi, kí ọmọ tó máa ka ení, èjì dé ogún, ó yẹ kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dá méjì mọ̀ yàtọ̀ sí mẹ́ta. Àgbàlagbà pàápàá, bíi mẹ́ta sí mẹ́rin lojú ń mọ̀ láìkà.

Ní kíláàsì mi, mo máa ń da ọmọ ayò mẹ́ta sórí ẹní, màá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kíá. "Mélòó lẹ rí?" Ọmọ tó ń ka ogún bí orin a dákẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti ń pariwo "mẹ́ta!" kí n tó bò ó. Ẹ̀yin òbí, obì aláwẹ́ mẹ́rin wà nílé, ẹ fi dán wọn wò.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi,
Kúbwà, Àbújá.