Ìpáàrà tí ojú kò rí

Copenhagen, Denmark
Ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024

Akínwálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́, èyí tí ọkọ̀ òfurufú ti ń fi ìyẹ́ họ ilẹ̀, mo sì rí ìbéèrè tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, pé ṣé iṣẹ́ ọwọ́ àwa tí a ń tún ọkọ̀ ṣe nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ lo fi ṣe, ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹ̀fẹ̀ dá ọ lóhùn, nítorí ìjàǹbá yẹn wà lára ohun tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ́kọ́ fi hàn mí nígbà tí mo dé ibí.

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007 ni. Ọkọ̀ Q400 ti SAS, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àwọn ará Scandinavia, ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ méjì tó kéré púpọ̀ sí àwọn jẹ́ẹ̀tì tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, gbé ènìyàn 73 láti Copenhagen lọ sí Aalborg, ní Denmark níbí náà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n balẹ̀, iná atọ́ka fi han àwọn awakọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ̀ náà, èyí tó gbé táyà dúró, kò dè gbọn-in. Wọ́n ń yí po lójú ọ̀run kí epo lè dínkù, wọ́n sì ṣí àwọn èrò tó jókòó nítòsí abẹ̀bẹ̀ nípò. Ìṣínípò yẹn ni mo máa ń rántí jù, nítorí bí ẹsẹ̀ náà ti ṣẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ gbá ilẹ̀, àfọ́kù rẹ̀ dá ara ọkọ̀ lu, ó sì wọlé. Àwọn kan farapa díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Ní ọjọ́ kẹta sí i, ẹsẹ̀ ọ̀tún Q400 SAS mìíràn tún ṣẹ́ ní Vilnius, ní Lithuania.

Ohun tí àwọn olùwádìí bá níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ géètì ilé bàbá rẹ ní Mọ́kọ́lá, tí a ń kùn lọ́dà ní gbogbo Kérésì títí ó fi já lé ọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀pá irin kan wà tó ń ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n lọ́ orí rẹ̀ mọ́ ọn bí ìdérí ìgò. Ojú ìlọ́ yẹn ló dógùn-ún láti inú, tí ìpáàrà jẹ ẹ́ títí orí fi yọ kúrò lára ọ̀pá. Ẹsẹ̀ náà wá já wálẹ̀ pẹ̀lú ipá, ó sì ba irin tó yẹ kó dè é jẹ́. Bẹ́ẹ̀ lóde, gbogbo rẹ̀ ń dán. Mẹkáníìkì lè nu ọ̀pá yẹn, kó buwọ́ lu ìwé, kó sì sùn dáadáa. Bombardier tó ṣe ọkọ̀ náà ní kí Q400 tó bá ti fò ju ìgbà 10,000 lọ dúró títí wọn yóò fi yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. SAS dá gbogbo 27 tirẹ̀ dúró.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Àwọn ọkọ̀ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọ̀kan dé láti Bergen, ní Norway, sí Copenhagen ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ tí kò jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìpáàrà. Òrùka róbà kékeré kan ló kúrò níbi tó yẹ kó wà, tó lọ dí ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Àwọn awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọ̀tún kí wọ́n tó balẹ̀, nítorí náà kò sí àfọ́kù abẹ̀bẹ̀ tó wọlé bá àwọn ènìyàn 44 tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, SAS kéde pé òun kò lo Q400 mọ́.

Ìdí nìyí tí n kì í gbé fóònù rẹ lálẹ́ nígbà mìíràn. Òrùka róbà ni mo ń kà: iye tí mo mú jáde, iye tí mo fi sí i, iye tó ṣẹ́ kù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì tún máa ń kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Bá mi kí Màmá. Ṣé wọ́n ti tú ìdè géètì yẹn wo inú rẹ̀, àbí ọ̀dà náà ni wọ́n tún kùn?

Èmi ni tìrẹ,
Ọláòlú