Ayọ̀ Kì Í Jókòó: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ wa, ọmọ Èkìtì Kete,

Ẹ kú ìgbìyànjú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló gbà pé ayọ̀ ń bẹ níwájú, pé bí iṣẹ́ bá ti bọ́ sí i, bí físà bá ti jáde, bí ilé bá ti dúró ní Adó, yóò wọlé, yóò sì jókòó. Kì í jókòó. Ohun tó bá ti di ojoojúmọ́, ọpọlọ kì í kà á sí mọ́.

Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1978, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fọ̀rọ̀ wá àwọn 22 tó jẹ owó ńlá nínú lọ́tìrì ìpínlẹ̀ Illinois lẹ́nu wò. Inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ju ti àwọn aládùúgbò wọn tí kò jẹ kọ́bọ̀ lọ. Èyí tó tún burú ni pé oúnjẹ àárọ̀, àwàdà, ìtàkùrọ̀sọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, kò dùn mọ́ wọn tó bó ṣe ń dùn mọ́ àwọn yòókù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ gbọ́ èyí. Wolfram Schultz, onímọ̀ ọmọ Jámánì, ṣàyẹ̀wò ọpọlọ ọ̀bọ tí wọ́n ń fún ní omi èso. Lákọ̀ọ́kọ́, omi èso ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú dopamine, kẹ́míkà kan nínú ọpọlọ, sílẹ̀ jí. Nígbà tí ọ̀bọ ti mọ̀ pé iná kan ló máa ń tàn ṣáájú, iná yẹn ló wá ń jí wọn. Omi èso fúnra rẹ̀ kò jí wọn mọ́. Bí iná bá tàn tí omi kò dé, wọ́n á dákẹ́ wẹ́lo. Ìrètí ló ń mú àyà yín lù kìkì nídìí tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ayọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jẹ lánàá fi tún wà níbẹ̀ lónìí. Ìró WhatsApp náà, iná yẹn ni.

Ayọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni èyí tí ẹlòmíràn bá yín dá sí. Ìwádìí tí Shelly Gable, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2004 fi hàn pé ìròyìn ayọ̀ tí a bá sọ síta máa ń fi kún ìdùnnú ọjọ́ náà, pàápàá bí ẹni tó gbọ́ ọ bá dáhùn dáadáa. Ká ní ọ̀rẹ́ yín sọ pé yunifásítì Ọ̀yẹ́ ti gba òun. Bí ẹ bá ní "ó dáa" tí ojú yín sì wà lára fóònù, ẹ ti pa ayọ̀ náà. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ tiyín dé, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé àwọn tó jáde níbẹ̀ ríṣẹ́?" ló burú jù. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ bi í ní ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta: "Ìgbà wo lo rí i? Ta lo kọ́kọ́ pè? Kí ni màmá sọ?" Bó ṣe ń dáhùn, ìdùnnú náà ń padà sí i lára.

Àwa àgbà la kọ́ yín pé kẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́ nítorí ayé. A kò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ: ẹ má gbé ohun tí kò tíì jinná sórí Facebook. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹni méjì tó lè sọ tirẹ̀ fún, òfò ló ń ṣe. Ẹ tètè wá wọn.

Ẹ tún lè kọ ohun rere sílẹ̀, nǹkan márùn-ún, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ kọ "ìyá oníyán fi ẹran kan kún tèmi", ẹ má kọ "mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí"; àdúrà ni ìyẹn, ó ní àyè tirẹ̀.

Bí iyán gbígbóná, ìlù ọdún Ùdírókò àti ohùn ọ̀rẹ́ kò bá dùn mọ́ ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí oorun tàbí oúnjẹ sì ti yí padà, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ tàbí aláìmoore. Ó lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹni tó ń sun wákàtí méjì fún ọjọ́ mélòó kan láìrẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, tó ń fọ́n owó ká, ẹ má bá a jó. Ẹ mú àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ní Adó, kí ẹ béèrè dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí oorun àti oògùn tí ó ń lò sínú ìwé, nítorí wọn yóò béèrè.

Àwa àgbà yín,
Adó-Èkìtì