Ẹ̀sùn Lórí Fọ́tò Àdìrẹ Tí Ẹ Yà Fún Mi

Ọjà Àdìrẹ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

Sí Alákòóso Iléeṣẹ́ Fọ́tò,
Abẹ́òkúta.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn fọ́tò yín dára lójú fóònù, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Ṣùgbọ́n kátálọ́ọ̀gì ni mo fẹ́ fi wọ́n tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi kọ ọ́ sínú àdéhùn wa pé ẹ máa fún mi ní RAW, ìyẹn fáìlì tó ti inú kámẹ́rà jáde bó ṣe wà gan-an, àti TIFF 16-bit, fáìlì tí kì í ju nǹkan kan nínú fọ́tò nù. Bí bit bá ṣe pọ̀ tó ni ìpele àwọ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Owó rẹ̀ ju ti JPEG lásán, fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀ kó lè kéré, lọ, mo sì san án pé.

Mi ò rí RAW kankan gbà. TIFF wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Kámẹ́rà megapixel 24 lẹ gbé wá, ìyẹn ni pé ẹyọ àwọ̀ tóńtó (pixel) mílíọ̀nù 24 ló wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. TIFF 16-bit tí wọn ò fún pọ̀ yẹ kó tó MB 144. Ti ọwọ́ mi ò ju MB 72 lọ, 8-bit ni. Mo wá fẹ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí aró ti dúdú jù. Àwọn onígun mẹ́rin wínníwínní ló tò síbẹ̀, pixel mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóròó. Àwọn ìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún fà, tó yẹ kó mọ́ kedere, ìdọ̀tí ti yí etí wọn ká. Àmì JPEG nìyẹn. Bó ṣe ń gé àwòrán nìyẹn kó tó ju ohun tó gbà pé ojú ò ní rí nù.

Ẹ ya JPEG, ẹ wá sọ ọ́ di TIFF. Aṣọ tí aró rẹ̀ ti ṣí, bí wọ́n gbé e sínú àpótí olówó gọbọi, ṣé aró ọ̀hún á padà ni? TIFF ò ní ba ohun tó bá bá nílẹ̀ jẹ́, àmọ́ kò lè dá ohun tí JPEG ti jù nù padà.

Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ọ́fíìsì yín ní, "Màmá, kò síyàtọ̀, ẹ jẹ́ n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp." WhatsApp kẹ̀! Èyí tó tún máa fún un pọ̀ sí i. JPEG ní ìpele 256 fún pupa, 256 fún àwọ̀ ewé, 256 fún búlúù. RAW 14-bit ní 16,384 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kì í ṣe aró lè sọ pé kò kan òun. Aṣọ tèmi, bí wọ́n ṣe ń rì í bọ aró léraléra ló ń dúdú sí i, ìyàtọ̀ yẹn sì ni oníbàárà ń sanwó fún. Bí atẹ̀wé bá ní kóun tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí fọ́tò yín, ṣe ni búlúù náà ń pín ní ìlà-ìlà.

Ohun tí mo ń bèèrè ni RAW tó wà nínú káàdì kámẹ́rà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tiẹ̀ ya RAW rárá, ẹ padà wá sí Ìtòkú kí ẹ tún un yà lówó ara yín, tàbí kí ẹ dá owó mi padà. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni màá gbé ìwé àdéhùn wa lọ. Ẹ̀dà rẹ̀ àti àwọn àwòrán tí mo fẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, aláàdìrẹ Ìtòkú.