Ẹ̀sùn lórí £100 tí Ẹ Bù Lé Mi Lórí Nítorí Ìṣẹ́jú 22

Lọ́ńdọ̀nù,
4 Oṣù Kejìlá, 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Mo kí yín o. Mo ń kọ̀wé lórí £100 tí ẹ ní kí n san nítorí pé mọ́tò mi fi ìṣẹ́jú 22 kọjá wákàtí méjì ọ̀fẹ́ níbi ìgbọ́kọ̀sí tí ẹ ń bójú tó. Nọ́ńbà ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi àti nọ́ńbà mọ́tò mi wà lórí ẹ̀dà tí mo so mọ́ ẹ̀yìn lẹ́tà yìí. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù tó kọjá mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àpótí kékeré kan tí kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi tán, èsì tí ẹ sì fún mi kò mẹ́nu ba ẹyọ kan nínú ohun tí mo sọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ rojọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè tí mo fi ń ronú. Ọmọ mi obìnrin ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀dà méjèèjì sì wà nínú àpòòwé kan náà.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí ní Ìbàdàn nígbà tí rọpárọsẹ̀ (pólíò) mú mi. Ẹsẹ̀ òsì mi kò bá ọ̀tún dàgbà mọ́. Láti kékeré ni mo ti ń fi irin rìn, irin tó ti itan wá dé inú bàtà, tó ní ìkọ́ lórúnkún. Mo ní láti ti ìkọ́ yẹn kí n tó lè dúró, mo sì ní láti ṣí i kí n tó lè jókòó. Irin yìí ni mo wọ̀ sẹ́sẹ̀ tí mo fi ṣiṣẹ́ ọdún 29 nílùú yìí, kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ọdún bíi mẹ́fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún tí mo gbójú lé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Dókítà ní bó ṣe máa ń ṣe ọ̀pọ̀ àwa tí rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré nìyẹn bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Ní báyìí, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì ni mo fi kún irin. Káńsù yẹ̀ mí wò, wọ́n sì fún mi ní Blue Badge, káàdì tí aláàbọ̀ ara fi ń gbé mọ́tò sí ààyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ ti rí fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, mo lọ sí ọgbà ìtajà tí ẹ ń bójú tó ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀, láti gba oògùn mi àti láti ra bàtà ilé ìwé fún ọmọ ọmọ mi. Pátákó yín ní wákàtí méjì ni ọ̀fẹ́. Kámẹ́rà yín yà mí ní agogo 11:07 bí mo ṣe ń wọlé, òjò sì ń rọ̀. Ààyè mẹ́rin lẹ kùn fún àwa aláàbọ̀ ara. Méjì nínú rẹ̀ ní mọ́tò tó gbé káàdì síwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti to kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ilé ìtajà sínú ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló wà níbẹ̀, kò ní káàdì, awakọ̀ rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀ tó ń jẹun. Mo tan iná fún un, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo dúró.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé lè béèrè pé kí ló dé tí n kò kúkú lọ sí ààyè mìíràn, nígbà tí òfìfo pọ̀ níbẹ̀. Ààyè lásán kì í sábà ju mítà 2.4 lọ ní fífẹ̀. Ààyè tiwa ní mítà 1.2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ìlà fà, kí ilẹ̀kùn lè ṣí gbayawu. Bí ilẹ̀kùn mi kò bá ṣí tán, irin ẹsẹ̀ mi kò lè jáde, torí pé mo ní láti nà án tán kí ìkọ́ rẹ̀ tó wọlé. Mo lè gbé mọ́tò wọ ààyè lásán, ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni n óò jókòó sí. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni mo fi retí ọkọ̀ akẹ́rù yẹn kó tó lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Mo máa ń yí gbogbo ara mi sí ìta. Mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú níbi orúnkún, n óò gbé ẹsẹ̀ òsì jáde bí ẹni gbé ẹrù, n óò sì nà án gbọnrangandan kí ìkọ́ irin lè wọlé. Bó bá wọlé, ó máa ń dún kọ́. Bí òjò bá ti mú ọwọ́ tutù, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dún. Ìgbà náà ni n óò wá fa ọ̀pá ìtilẹ̀ jáde láti àga ẹ̀yìn, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì, kí n tó dìde. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà kí n tó ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà.

Nínú ilé ìtajà, n kò ní ẹjọ́ kankan. Wọ́n fún mi ní àga. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé ẹrù mi tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò, nítorí ọwọ́ tó di ọ̀pá mú kò lè ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un. Agogo 13:11 ló wà lórí rìsíìtì tí mo gbà kẹ́yìn, kámẹ́rà yín sì yà mí ní 13:29 bí mo ṣe ń jáde. Ìṣẹ́jú 18 láti ìdí àpótí owó dé ẹnu géètì, ìrìn tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì yóò rìn ní ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mẹ́sàn-án tí mo fi retí ààyè, mẹ́fà tí mo fi sọ̀, 18 tí mo fi padà: ó jẹ́ 33. Bí ẹ bá yọ mẹ́jọ kúrò fún ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá lò, ó ku 25. Ìṣẹ́jú 22 ni ẹ ní mo fi kọjá wákàtí méjì. Ìlànà tí BPA àti IPC, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bíi tiyín, jọ gbé jáde lóṣù kẹfà 2024 fún gbogbo awakọ̀ ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí àkókò bá pé, nítorí náà ìṣẹ́jú 12 ni ẹ ń bá mi fà. N kò fi ìkankan nínú rẹ̀ jayé. Ẹsẹ̀ mi ló lò ó.

Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ìka oníka-mẹ́sàn-án lójú rẹ̀. Nígbà tí ìwé yín dé ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, tí mo rí fọ́tò méjì náà, àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà pupa, mo mọ̀ pé ẹ ti kà á lójú mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ “yára, yára,” ẹnikẹ́ni kò sì fi owó lé e rí.

Mo fẹ́ fèsì sí ohun tí ẹ kọ sí mi ní ọjọ́ 27. Ẹ ní Blue Badge kò ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ aládàáni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìlànà Blue Badge, títí kan wákàtí mẹ́ta lórí ìlà yẹ́lò, ojú títì ìjọba ló wà fún. N kò sọ fún yín pé káàdì mi ní kí n máà sanwó. Ohun tí mo sọ ni pé káàdì náà jẹ́ ẹ̀rí pé aláàbọ̀ ara ni mí, pé Equality Act 2010, òfin ẹ̀tọ́ ọgbọọgba, sì dé orí ilẹ̀ aládàáni bó ṣe dé ojú títì. Abala 29 kan ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Abala 20 ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu, kí aláàbọ̀ ara má bàa jìyà ju ẹlòmíràn lọ, kó sì ti ro ó sílẹ̀ ṣáájú kí a tó dé. Abala kan náà ní kò gbọdọ̀ di owó àtúnṣe yẹn ru aláàbọ̀ ara. Abala 15 sì ní a kò gbọdọ̀ fi ohun tó ti ara àìlera wá jẹ ènìyàn níyà láìní ìdí tó tọ́. Àìlera mi ni ìpẹ́ mi ti wá. Ìpẹ́ yẹn ni ẹ fi £100 lé.

Ẹ tún mẹ́nu ba ẹjọ́ Beavis tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 2015. Mo ti kà á. Ọkùnrin yẹn fi ìṣẹ́jú 56 kọjá wákàtí méjì ní Chelmsford, wọ́n sì ní kó san £85. Ọ̀rọ̀ àìlera kò sí nínú ẹjọ́ náà rárá. N kò rí bó ṣe dáhùn ìbéèrè mi.

N óò sọ èyí pẹ̀lú, torí ó ń dùn mí gan-an. Ìwé yín jọ ìwé ìtanràn ìjọba, bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní àṣẹ láti bu owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Gbèsè lórí àdéhùn lẹ ní a jẹ. Ẹ ní £60 ni bí mo bá san án láàárín ọjọ́ 14, £100 bí mo bá jiyàn títí ó fi kọjá. Ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń fi kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara rìn, san £60 irú èyí lọ́dún tó kọjá nítorí ó rò pé ọlọ́pàá ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn òun. Owó oúnjẹ rẹ̀ ni.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ fagi lé owó yìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé fún mi. Ẹ ṣètò ọ̀nà tí ẹni tó ní Blue Badge yóò fi lè gba àkókò kún àkókò, bóyá kó fi nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé ìtajà kó tó lọ. Kámẹ́rà yín kò lè rí káàdì, nọ́ńbà mọ́tò nìkan ló ń rí. Ẹ kó kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù kúrò nínú ààyè wa, kí ẹ sì wá nǹkan ṣe sí àwọn tí kò ní káàdì tí wọ́n ń jókòó síbẹ̀ jẹun. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ká mi lára jù, nítorí ká ní ààyè ṣí sílẹ̀ ní 11:07, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré la ì bá máa fà lónìí.

Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí máníjà ọgbà ìtajà náà, nítorí orúkọ wọn ni ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èsì yín kó tó di ọjọ́ 18 oṣù yìí, kí ó sì jẹ́ ènìyàn ló kọ ọ́, ẹni tó ka èyí tán. Kóòdù POPLA, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí irú owó ìgbọ́kọ̀sí báyìí, tí ẹ fún mi wà lọ́wọ́ mi. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan, n óò gbé ẹjọ́ mi lọ síbẹ̀ kí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo ní tó pé. Òfin tún fún mi ní oṣù mẹ́fà láti pè yín lẹ́jọ́ ní County Court lórí ọ̀rọ̀ Equality Act, mo sì ti kọ ọjọ́ tí yóò pé sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná mi.

Rìsíìtì méjì, fọ́tò ààyè mẹ́rin náà tí mo yà lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e (kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ṣì wà níbẹ̀), àti ìwé dókítà mi ló wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ẹni tó ni mọ́tò náà, tó sì wà á fúnra rẹ̀