Táyọ̀, Bábúṣkà Ní Kí N Kí Ọ

Kyiv,
6 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Táyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Mo rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ gan-an ló gbé wá sáyé, kẹ́ ẹ yáa tètè máa tọ́jú owó oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ò ń bínú pé mi ò tètè fèsì. Má bínú. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe èyí tí mo lè sọ lórí fóònù, ohùn mi ló máa kọ́kọ́ tú mi fó.

Mo lọ sí abúlé Trypillia ní Sátidé tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ Bábúṣkà, ìyá àgbà tó máa ń tilẹ̀kùn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Máṣrútkà wa ọjọ́sí náà, bọ́ọ̀sì kékeré yẹn, ni mo wọ̀ ní ibùdókọ̀ Vydubychi, dẹ́rẹ́bà ṣì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ara Bábúṣkà le, ẹnu wọn sì le ju ara lọ. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí wọ́n fi bi mí pé, "Èyí gíga yẹn dà?" Ìwọ ni wọ́n ń bá wí. Títí dòní wọn ò lè pe orúkọ rẹ. Mo ní o ti wà ní Leeds, o ti níyàwó, o ti bímọ. Wọ́n ní ṣé ìwọ náà, tó ò ń gba ojú fèrèsé wọlé nígbà tí àwọn bá ti tilẹ̀kùn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n gbé ọmọ lé lọ́wọ́? Wọn ò tíì dárí ẹ̀ jì ọ́ o.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ ni pé wọn ò fẹ́ kúrò. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Poland ti gé tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ta ló máa bomi rin tòmátò. Ìgbà kejì, tòmátò ti tán lóko, wọ́n ní ewúrẹ́ ńkọ́. Ọmọ náà pè mí, ó ń sunkún, ó ní èmi ni wọ́n máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Èmi! Ẹni tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa pòtétò lọ́dún 2019, tí wọ́n ní mò ń wa ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù.

O rántí pé a máa ń rí ẹ̀fín ilé iṣẹ́ iná Ukrainka látẹ̀yìnkùlé wọn? Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹrin ọdún yìí, mísáìlì Rọ́ṣíà ló pa á. Gbogbo ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná 1,800 mẹ́gáwáàtì, kò sí èyí tó tó o ní gbogbo agbègbè Kyiv. Ààrẹ wọn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé mọ́kànlá ni wọ́n rán wá, wọ́n já méje lókè, mẹ́rin tó kù wọlé nítorí ohun tí wọ́n fi ń já wọn ti tán. Bábúṣkà ní ilé gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó pòtétò àti ìgò ẹ̀fọ́ olómi iyọ̀ pamọ́ sí ni wọ́n sá wọ̀, àwọn àti ewúrẹ́. Wọ́n ní ewúrẹ́ ò kọ́kọ́ fẹ́ wọlé, àfìgbà táwọn bú u. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí wọ́n wá mú mi lọ wo yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi: fèrèsé méjèèjì ti fọ́, ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo ilé tòmátò ni wọ́n kàn mọ́ ọn, ìṣó ọ̀hún sì wọ́, ó hàn pé ọwọ́ àgbàlagbà ló kàn án. Mo yọ gbogbo ẹ̀, mo tún un kàn. Bí òtútù ṣe ń bọ̀ yìí, ọ̀rá kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ (ọbẹ̀ borsh ni, àti búrẹ́dì dúdú tó o kórìíra yẹn), mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ mi. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n wọ bàtà òjò, wọ́n ní kí n jẹ́ ká gun Òkè Wúńdíá. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! Èmi ni mò ń mí hẹlẹ. Lókè níbẹ̀ lèèyàn á ti rí i pé ìlú náà dára: odò Dnipro tẹ́ lọ bí ọ̀sà, ẹ̀yìn rẹ̀ ò hàn dáadáa. Wọ́n ní kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà táwọn wà lọ́mọdé, pé dáàmù tí wọ́n ṣe sí Kaniv ní àwọn ọdún 1970 ló ti omi padà sẹ́yìn, tó fi gbé pápá táwọn ti ń da màlúù mì. Wọ́n na ìka sí àárín omi, wọ́n ní, "Ibẹ̀ yẹn ni mo ti ṣubú lẹ́yìn ẹṣin." Mo wo ibẹ̀, omi ni mo rí.

Lápá kan, òpó èéfín ilé iṣẹ́ iná ṣì dúró. Kò sí èéfín kankan níbẹ̀ mọ́.

A sọ̀ kalẹ̀ gba ojú mùsíọ́mù tá a jọ wọ̀ níjọ́ tí òjò pa wá. O sùn sórí àga níbẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n rán ọ létí. Vikentiy Khvoika, ọmọ ilẹ̀ Czech kan, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ káàkiri ibẹ̀ lọ́dún 1896, tó ń hú ìkòkò tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún jáde. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń forúkọ abúlé yẹn pe gbogbo àwọn tó mọ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, títí dé Romania. Pupa àti dúdú ni wọ́n fi kùn wọ́n, ilà wọn ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé: ìkòkò méjì tí wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kò nídìí, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Ibejì ni mo pè é níjọ́ yẹn, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ohun tó sì tún yà mí lẹ́nu nípa wọn ni pé àwọn onímọ̀ ní fúnra wọn ni wọ́n máa ń dáná sun ilé wọn tó bá ti pẹ́, tí wọ́n á tún òmíràn kọ́. Bábúṣkà ní, "Ìyẹn, fúnra wọn ni wọ́n ṣáná sí i." Wọ́n dákẹ́.

Ilé mùsíọ́mù yẹn gan-an, ti àwọn ọ̀dọ́ Kọ́múníìsì ni tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1919, ọmọ bíbí abúlé náà kan, Danylo Terpylo tí wọ́n ń pè ní Zelenyi, kó àwọn àgbẹ̀ jọ, wọ́n sì pa àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba Bolshevik rán wá láti Kyiv. Òun náà ò rí ọdún yẹn parí. Ìjọba Soviet sọ àwọn tó kú di akọni, wọ́n kọ́ mùsíọ́mù fún wọn. Lónìí ìkòkò ló wà níbẹ̀, Zelenyi ló sì di akọni. Mo bi Bábúṣkà pé ta ni wọ́n gbè lẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n ní màmá àwọn la ìyàn 1933 já níbí, èèpo igi ni wọ́n ń jẹ, wọn ò kúrò. Ìdáhùn wọn nìyẹn. O ṣáà mọ̀ wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára ni etí odò Stuhna, níbi tó ti ń wọ Dnipro. Odò kékeré ni, ọmọdé lè wọ́ ọ kọjá. Ṣùgbọ́n lóṣù Karùn-ún ọdún 1093 ó kún, àwọn ọmọ ọba Kyiv sì ń sá fún àwọn Polovtsy, àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin tó ṣẹ́gun wọn. Rostyslav, ọ̀kan nínú wọn, rì sínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Volodymyr Monomakh, fẹ́ fà á yọ, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé Kyiv, ìwé ìtàn wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá rẹ̀ sunkún, gbogbo ìlú sì bá a sunkún. Ó kù díẹ̀ kó pé ẹgbẹ̀rún ọdún, ẹkún ìyá yẹn ṣì wà nínú ìwé. Bábúṣkà sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀, wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ, ìyá tìrẹ ńkọ́?"

Kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n yára sọ ìyókù. Kúnlé ti gbéyàwó ní Warsaw, kò pe ẹnikẹ́ni, a ti bú u tán. Onílé mi fi owó kún owó ilé. Ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì wa ti di ilé oògùn. Wọ́n ń mú iná lọ o, ṣùgbọ́n àwọn tibí ń kọ aago tí wọ́n máa mú un lọ sílẹ̀, wọ́n sì ń mú un lọ lásìkò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nadia ń kí ọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Má bi mí ní ìbéèrè kankan.

Ó dáa. Maami.

Táyọ̀, Maami ṣì rò pé Warsaw ni mo wà. Láti ìgbà tí mo ti padà wá sí Kyiv lọ́dún tó kọjá, mi ò sọ fún wọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà fún Warsaw. Poland ló ń jẹ gbogbo àdúrà tó yẹ kó bọ́ sí Kyiv. Níjọ́ tí ilé iṣẹ́ iná yẹn jó, wọ́n rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun o, pé o ti kúrò níbẹ̀." Mo ní àmín. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìwẹ̀ ni mo jókòó sí, síréènì ń han lóde, mo fọwọ́ bo fóònù kí wọ́n má bàa gbọ́.

O ní Oṣù Kejìlá lò ń lọ sílé fún ìgbéyàwó Bọ́lá. Jọ̀ọ́, yà ní Mọ́kọlá. Bá mi sọ ọ́ fún wọn. Má fi fóònù sọ ọ́ o, jókòó tì wọ́n. Wọ́n máa se àmàlà fún ọ. Jẹ ẹ́ tán kó o tó lanu, torí tó o bá kọ́kọ́ sọ ọ́, o ò ní rí oúnjẹ jẹ. Sọ fún wọn pé ara mi le, mo ń ṣiṣẹ́, ilé mi sún mọ́ ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tá a máa ń sá sí. Ife amọ̀ kékeré kan wà tí ẹnì kan máa mú wá bá ọ ní Leeds lóṣù tó ń bọ̀, ilà ara ẹ̀ dà bíi ti àwọn ìkòkò yẹn. Ti Maami ni. Tí wọ́n bá bú mi, jẹ́ kí wọ́n bú mi tán kó o tó gbé e jáde.

Wọ́n ti mú iná. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ gééré ni.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun.

Mo gbàgbé: Bábúṣkà ní kó o pe àwọn. Nọ́ńbà wọn ò yí padà. Àárọ̀ Sunday ni kó o pè, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún wàrà ewúrẹ́ tán. Má sọ fún wọn pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀, mo ti sọ ọ́ títí. Bi wọ́n léèrè fèrèsé.